Tòmátì inú garawa mi dùn ju ti ọjà lọ, àbí ẹnu mi ló ń ṣojúsàájú?

Garawa_Mẹ́fà
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Mo gbin tòmátì sínú garawa mẹ́fà lẹ́yìn ilé, mẹ́ta kú (ọ̀kan nínú wọn, adìẹ ará ilé kejì ló jẹ ẹ́, ìyẹn ẹjọ́ ọjọ́ mìíràn), mẹ́ta tó kù so. Lánàá ni àkọ́kọ́ pọ́n dénú. Mo já a, oòrùn ti ràn sí i lára, ó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, mi ò tiẹ̀ gbé e wọlé, mo fi etí aṣọ nù ún, mo bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, mo jẹ ẹ́ lórí ìdúró, omi ẹ̀ ń ṣàn dé ìgúnpá mi. Ẹ gbọ́, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé tòmátì ní òórùn! Àti ìgbà tí mo ti ń ra tòmátì, mi ò gbọ́ òórùn lára ẹ̀ rí.

Ìyàwó mi ní kò sóhun tó yàtọ̀ níbẹ̀, ó ní ìyà tí mo jẹ lórí ẹ̀ ló ń dùn mọ́ mi lẹ́nu. Ó ní tí òun bá gbé òkúta fún mi kí n bomi rin ín fún oṣù mẹ́ta, màá ní òkúta náà dùn. Ẹ bá mi dá sí i. Ṣé òótọ́ ló dùn jù ni, àbí mò ń tan ara mi?

Jẹun_Jẹ́jẹ́
Ìyàwó yín ti pa mí o. Òkúta ọlóṣù mẹ́ta 😂😂

Àlàyé_Ráńpẹ́
Ẹ̀gbọ́n, ẹnu yín ò parọ́. Tòmátì tí wọ́n fẹ́ gbé rìn jìnnà, wọn kì í dúró kó pọ́n kí wọ́n tó já a, nítorí tó bá pọ́n tán á fọ́ lọ́nà. Nígbà tí àwọ̀ ẹ̀ ṣì dà bí ewé ni wọ́n ti ń já a, tàbí nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí àwọ̀, wọ́n á wá fi gáàsì kan tó ń jẹ́ ethylene mú un pọ́n níbi tó bá ń lọ. Gáàsì yẹn kì í ṣe májèlé o, tòmátì fúnra ẹ̀ máa ń ṣe é jáde, òun náà ló ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ló tètè ń dé, adùn ò fi bẹ́ẹ̀ bá a dé, torí pé láti ara igi ni ṣúgà ti ń wọ inú èso, wọ́n sì ti já a kúrò lórí igi.

Èyí tó tún yà mí lẹ́nu jù: àwọn tó ń ṣe irúgbìn tuntun ti ń ṣa tòmátì tó máa ń pọ́n déédéé láti òkè dé ìdí fún ọjọ́ pípẹ́, nítorí ó dára lójú. Ìgbà tó di ọdún 2012 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Science pé ohun tí wọ́n fi ń rí ẹwà yẹn náà ló ń dín ṣúgà inú èso kù. Tòmátì àtijọ́ tí ọrùn ẹ̀ máa ń dúdú bí ewé kó tó pọ́n, àwọ̀ ewé yẹn ń bá èso pèsè oúnjẹ ni. Ẹ lọ wo ọrùn ti inú garawa yín.

Garawa_Mẹ́fà
Ọrùn ẹ̀ dúdú o!! Mo ti ń rò pé àrùn ni.

Ìyá_Lóko
Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kú ìjíròrò. Ẹ̀yin ò tíì mẹ́nu kan fíríìjì. Kí ni tòmátì ń wá nínú fíríìjì? Ọmọ mi obìnrin máa ń kó o síbẹ̀, mo sọ títí ẹnu ń ro mí, ó ní kí ó má bàa bàjẹ́ ni. Ó ò bàjẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti kú. Tòmátì tó bá ti wọnú òtútù, adùn ẹ̀ á sá lọ, ẹ gbé e sórí tábìlì níbi tí oòrùn ò sí, kí ẹ dojú ọrùn ẹ̀ délẹ̀, kí ẹ sì jẹ ẹ́ kó tó pẹ́.

Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ mọ ohun tí oko fi yàtọ̀ sí ọjà, tòmátì kọ́, àgbàdo ni. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, wọ́n á gbé omi kaná ná kí wọ́n tó rán wa lọ já àgbàdo. Omi á ti máa hó dè wá. A ó sáré, a ó bó o lójú ọ̀nà, inú ìkòkò ló ń balẹ̀ sí. Mo rò pé eré ni wọ́n ń fi wá ṣe ni, àṣé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Àlàyé_Ráńpẹ́
Ìyá wa, ẹ̀yin ni ọ̀jọ̀gbọ́n. Àgbàdo tútù, kété tí wọ́n bá ti já a ni ṣúgà inú ẹ̀ ti ń di sítáàṣì, pàápàá tí oòrùn bá mú. Ní ti fíríìjì náà, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dún 2016, wọ́n kó tòmátì sí òtútù tó jẹ́ 5°C fún ọjọ́ 7, wọ́n kó o jáde, òórùn dídùn ẹ̀ ò padà wá bó ṣe yẹ kódà nígbà tó ti gbóná padà. Ṣúgà ẹ̀ ò yí padà, òórùn ló lọ, òórùn sì ni ìdajì adùn. Ohun tí ẹ̀gbọ́n Garawa ń sọ nìyẹn tó fi ní òun gbọ́ òórùn fún ìgbà àkọ́kọ́.

Jẹun_Jẹ́jẹ́
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lọ kó tòmátì jáde nínú fíríìjì mi báyìí. Ẹ ṣeun, mà.

Mo_Fẹ́_Rí_I
Ẹ jẹ́ n ta yín lólobó díẹ̀. Lórí adùn, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ pé láìpẹ́ ẹnìkan máa sọ pé ohun tí a gbìn nítòsí ló ń gba ayé là, kí n tètè dá a dúró. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì kan, Poore àti Nemecek, kó ìsọfúnni jọ láti oko tó tó 38,700 ní orílẹ̀-èdè 119, wọ́n gbé e jáde lọ́dún 2018. Nínú gbogbo èéfín tí oúnjẹ ń fà tó ń mú ayé gbóná, gbígbé oúnjẹ kiri ò ju nǹkan bí ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ohun tí èèyàn ń jẹ wúwo ju ibi tó ti wá lọ. Ẹran màlúù tí wọ́n sìn sí ẹ̀gbẹ́ ilé yín lè fa èéfín ju ẹ̀wà tó wọ ọkọ̀ ojú omi gba òkun kọjá lọ. Tòmátì tí wọ́n gbìn nítòsí nínú ilé onígíláàsì tí wọ́n ń fi iná mú gbóná nígbà òtútù náà lè burú ju èyí tó gba ọ̀nà jíjìn wá láti ibi tí oòrùn wà. Èyí tó bá wọ bààlúù nìkan ni mo lè bá yín bínú sí.

Ilẹ̀_Dúdú
Àbúrò mi, o sọ òótọ́, ṣùgbọ́n o fo ẹ̀yìn ẹ̀. Bí tòmátì ṣe rìn nìkan lo ń kà, o ò ka iye tó já sí ààtàn. Àjọ UNEP, ẹ̀ka àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, sọ ọ́ nínú ìròyìn tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2024 pé oúnjẹ tó wọn bílíọ̀nù 1.05 tọ́ọ̀nù la fi ṣòfò lọ́dún 2022, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ẹ̀ ló sì jẹ́ pé inú ilé ni wọ́n ti dà á nù. Inú ilé o, kì í ṣe oko, kì í ṣe ọkọ̀.

Èmi fúnra mi, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ẹ̀fọ́, mi ò mọye ìgbà tí mo ti ra ìdì ẹ̀fọ́ kan, mo lo ìdajì, ìyókù di omi aláwọ̀ ewé nínú ọ̀rá nísàlẹ̀ fíríìjì, tí màá dijú dà á nù. Ní báyìí tó jẹ́ èmi ló gbìn ín, mo mọ bí ewé kan ṣe pẹ́ tó kó tó dàgbà, ewé mẹ́rin ni màá bá gé, ewé mẹ́rin náà ni màá jẹ. Èyí tí kòkòrò ti jẹ ìdajì ẹ̀ pàápàá, màá gé ibẹ̀ kúrò, màá jẹ ìyókù. Mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀fọ́ ọjà láéláé, ṣe ẹ rí i bí ọkàn ṣe ń ṣe.

Mo_Fẹ́_Rí_I
Ẹ̀gbọ́n, èyí wọ̀ mí létí. Mo gbà.

Ìsàlẹ̀_Òkè
Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀yìn ilé ń gbádùn. Àjà kẹta lèmi ń gbé, ojú fèrèsé kan ṣoṣo ni oòrùn ń dé, kò sì pẹ́ níbẹ̀. Kí ni mo lè gbìn tí mi ò ní fi ara mi ṣe yẹ̀yẹ́?

Ilẹ̀_Dúdú
Má gbin tòmátì, oòrùn wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ ló ń fẹ́, ewé nìkan ni wàá rí. Ohun tí a ń jẹ ewé ẹ̀ ni kí o gbìn. Àlùbọ́sà eléwé, kí o gé ewé ẹ̀ lò, kí o ki ìdí ẹ̀ tó ní irun bọ inú kọ́ọ̀bù tí omi díẹ̀ wà, láàárín ọjọ́ mélòó kan á ti yọ. Máa pààrọ̀ omi ẹ̀ o, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ gbogbo yàrá yín á máa rùn. Tó bá ti yọ lẹ́ẹ̀mejì nínú omi, fi sínú iyẹ̀pẹ̀, omi lásán ò ní oúnjẹ tó máa jẹ pẹ́ títí. Míńtì náà dáa, ṣùgbọ́n ìkòkò tirẹ̀ ni kí o fún un, kì í bá ẹnìkan gbé, tó bá wọ inú ìkòkò ẹlòmíì, á lé e jáde.

OníAtalẹ̀
Ó dàbí pé ẹ ti gbàgbé ohun mímu. Ẹ jẹ́ n fi ìtàn mi dá yín lára yá.

Mo ń ṣe omi atalẹ̀ tó ń hó nínú ilé. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ màá rin atalẹ̀ tútù, tèèpo tèèpo, màá dà á sínú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò pẹ̀lú ṣúgà àti omi, màá fi aṣọ bo ẹnu ẹ̀. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ó ti ń yọ ìfófó, torí yíìsì wà lára èèpo atalẹ̀ látilẹ̀, ó kàn ń wá ṣúgà ni. Òun ni mo máa ń bù sínú omi atalẹ̀ tí mo ti sè pẹ̀lú ṣúgà tó sì ti tutù, mo wá rọ ọ́ sínú ìgò, mo dé e.

Mo dé e o. Ìgò onígíláàsì. Mo gbé mẹ́fà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo lọ kí àwọn èèyàn mi fún ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ máa fojú inú wò ó. Nígbà tí mo dé, mo ṣílẹ̀kùn, mo gbọ́ òórùn atalẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, èérún ìgò ti fi ara mọ́ ògiri, ọ̀kan ha sínú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù bí ẹni ju ọ̀bẹ. Ká ní mo wà níbẹ̀ ńkọ́? Ìgò kan ṣoṣo ló kù. Mo ti ẹ̀ ń bẹ̀rù ẹ̀, aṣọ ìnura ni mo wé mọ́ ọn kí n tó ṣí i. Ṣùgbọ́n n ò ní purọ́ fún yín, mo mu ún, kò sí ohun tó dùn tó o láyé.

Jẹun_Jẹ́jẹ́
Ó mu ún 😭😭 lẹ́yìn tó fọ́ gbogbo ilé

Ìyá_Lóko
Orí tó gbà ọ́ o. Ọmọ, ìgò onígíláàsì kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, ìgò oníke ni. Máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ láràárọ̀. Ọjọ́ tó bá ti le gbandi tí kò tẹ̀ mọ́, gbé e sínú fíríìjì lọ́jọ́ náà. Fíríìjì wà fún un, kò wà fún tòmátì.

OníAtalẹ̀
Mo ti kọ́gbọ́n, mà. Ike ni mo ń lò báyìí. Kí ẹ sì mọ̀ pé ọtí díẹ̀ á wà nínú ẹ̀, bó bá ṣe ń pẹ́ náà ni á ṣe máa pọ̀ sí i, torí náà mi ò kì í fún àwọn ọmọdé.

Mo tún ń rẹ aáyù tútù sínú òróró, mo máa ń gbé e sórí tábìlì kíṣìnì fún ọ̀sẹ̀ méjì kó lè wọ̀ ọ́ dáadáa, tí mo bá dà á sórí búrẹ́dì báyìí

Àlàyé_Ráńpẹ́
Ẹ DÚRÓ NÁ. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dà á nù lónìí, ẹ má tọ́ ọ wò. Aáyù inú ilẹ̀ ló ti wá, kòkòrò kan wà nínú iyẹ̀pẹ̀ tó ń jẹ́ Clostridium botulinum, ó lè wà lára ẹ̀. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá wà, kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ṣùgbọ́n òróró ń dí afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, aáyù ò sì kan, orí tábìlì sì móoru, ohun tó ń wá gan-an nìyẹn. Májèlé ẹ̀ ò ní òórùn, kò ní adùn, ó ń rọ iṣan èèyàn títí dé ibi tí mímí á fi ṣòro. Omi atalẹ̀ yín yàtọ̀, ó kan, ó sì ń hó, kòkòrò yẹn ò fẹ́ ibi tó kan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ òróró aláàyù, ẹ ṣe ìwọ̀n tí ẹ máa jẹ, ẹ gbé e sínú fíríìjì, kó má ju ọjọ́ mẹ́rin lọ, tàbí kí ẹ gbé e sínú fírísà.

OníAtalẹ̀
Mo ti dà á nù. Ìgò, aáyù, gbogbo ẹ̀. Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n.

Garawa_Mẹ́fà
Ẹ ṣeun gan-an gbogbo yín. Ìṣòro dé o. Tòmátì mẹ́rin nínú garawa kejì, ìdí wọn ti dúdú, ó pẹlẹbẹ, ó gbẹ bí awọ bàtà, òkè ẹ̀ sì pọ́n dáadáa. Ẹnìkan ní adúgbò wa ní kí n da èèpo ẹyin sí i, mo ti da èèpo ẹyin méjìlá, ó tún ṣe ìkan karùn-ún lánàá.

Ilẹ̀_Dúdú
Báwo lẹ ṣe ń bomi rin ín? Ẹ má fi bò fún mi o.

Garawa_Mẹ́fà
Hmm. Tí mo bá rántí. Mo lè gbàgbé fún ọjọ́ mẹ́ta, màá wá da garawa kan lé e lórí láti fi tọrọ àforíjì.

Ilẹ̀_Dúdú
Ẹ ti dá ara yín lẹ́jọ́. Kì í ṣe kòkòrò, kò sì ń ran òmíràn. Kálísíọ̀mù, ọ̀kan nínú oúnjẹ tí igi ń fà látinú ilẹ̀, ni kò dé ìdí èso, omi ló sì ń gbé e lọ síbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà kálísíọ̀mù wà nínú iyẹ̀pẹ̀, ìrìnnà ẹ̀ ló dáwọ́ dúró lọ́jọ́ tí ọ̀dá mú un, ìdí èso ló sì jìnnà jù. Kálísíọ̀mù wà nínú èèpo ẹyin yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n á pẹ́ púpọ̀ kó tó jẹrà, nígbà náà tòmátì yìí ti di ìtàn. Ẹ ki ìka bọ inú iyẹ̀pẹ̀ láràárọ̀, tó bá ti gbẹ dé oríkèé kejì, ẹ bomi sí i díẹ̀díẹ̀ títí omi á fi máa jáde nísàlẹ̀. (Ṣé ẹ lu ihò sídìí garawa yẹn?) Ẹ kó koríko gbígbẹ lé iyẹ̀pẹ̀ lórí, kí oòrùn má bàa fa omi ẹ̀. Èyí tó ti dúdú, ẹ já a, ẹ gé ibi dúdú sọnù, ẹ jẹ ìyókù. Àwọn tó bá so lẹ́yìn ẹ̀ á dáa.

Garawa_Mẹ́fà
Ihò wà nídìí garawa márùn-ún. Ìkẹfà... mo lọ wò ó, kò sí ihò rárá nínú ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó kú 🤦🏾‍♂️ Mo ti ń fẹ̀sùn kan adìẹ lórí gbogbo ẹ̀.

Ìsàlẹ̀_Òkè
Àlùbọ́sà mi ti yọ o! Ó ga tó ìka ọwọ́. Mo gé méjì sórí ẹyin díndín láàárọ̀ yìí, ọkọ mi ní kí ló dé tí mo ń rẹ́rìn-ín sí àwo.

Ìbéèrè kan: ṣé mo lè mú irúgbìn látinú ohun tí mo bá rà lọ́jà?

Ìyá_Lóko
Ti tòmátì rọrùn. Wá èyí tó pọ́n kọjá ààlà lára igi tó so jù, fún kóró ẹ̀ sínú kọ́ọ̀bù pẹ̀lú omi díẹ̀, fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Á rùn, á yọ nǹkan funfun lókè, má bẹ̀rù, nǹkan yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀ tó wà lára kóró ló ń jẹ. Kóró tó dáa á rì sísàlẹ̀. Fọ̀ ọ́, sá a sórí àwo, má sá a sórí bébà kó má bàa lẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n tí irúgbìn tó o kọ́kọ́ rà bá jẹ́ àwọn tí wọ́n kọ F1 sí lára, ìyẹn irúgbìn tí wọ́n fi oríṣi méjì bí, ọmọ ẹ̀ ò ní jọ ìyá.

Ṣọ́ra fún elégédé o. Oyin máa ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó oríṣi kan lọ sórí òmíràn, tí kóró tí wọ́n gbìn bá ti dàpọ̀ bẹ́ẹ̀, nígbà mìíràn èso ẹ̀ á korò bí èébì. Tí elégédé tàbí kùkúḿbà tí o gbìn bá korò lẹ́nu, tu ú dànù, má rò pé iyọ̀ tàbí ata á bo o. Kíkorò yẹn, májèlé ni, sísè ò sì ń pa á. Mo ti bá ẹni tó jẹ ẹ́ nídìí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́jú rí, mi ò fẹ́ rántí.

Mo_Fẹ́_Rí_I
Ẹ̀gbọ́n Garawa, ẹjọ́ tí ẹ gbé wá kò tíì parí. Kí ni màdámú wí báyìí?

Garawa_Mẹ́fà
Hẹn, mo fẹ́ sọ ọ́. Tòmátì kan wà tí mo ti ń ṣọ́, èyí tó tóbi jù nínú garawa kẹta, mo ti ní òwúrọ̀ yìí ni màá já a. Mo jí, mo débẹ̀, igi ẹ̀ nìkan ni mo bá. Mo pariwo adìẹ, mo pariwo ọmọ ará ilé kejì. Ìyàwó mi jókòó nínú ilé, ó ní, "Adìẹ ni, mo rí i."

Mo wá yíjú, ìgò iyọ̀ kíṣìnì wà lójú fèrèsé ẹ̀yìn, ó ṣí sílẹ̀.